Ọ̀RỌ̀ AKỌ̀WÉ NÍ ÌPÀDÉ OṢOOṢÙ: INÚ RÍRUN TÓ Ń GBA Ẹ̀YÌN YỌ

   

A ti sọ ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ tán, a ti sọ ti gọ́tà. Ìyálọ́jà ní kí ẹnikẹ́ni má tíì dìde, pé kí a yanjú ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jà ràìnràìn nínú ọjà láti bí oṣù mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní ìlà àwọn alátà ni. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ìwé wa yìí máa ń dé ibi tí ẹsẹ̀ wa kò dé, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ ọ́n níbí? Àwọn kan ní kí a gba ìsọ̀ náà fún ẹlòmíràn. Àwọn kan ní ara rẹ̀ ti yá, pé ìmẹ́lẹ́ ló kù. Àwọn kan tiẹ̀ ní ọwọ́ ayé ló bà á. Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń dá ẹjọ́ lé lórí. Ìyẹn la ṣe lọ kí i nílé, tí a bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí a sì lọ jókòó ti dókítà obìnrin kan tó ní sùúrù, tó fi Yorùbá là á yé wa. Obìnrin tó ń ṣàìsàn náà ló ní kí a sọ ọ́, ó ní ó ti sú òun kí àwọn ènìyàn máa fi ẹnu túmọ̀ àìsàn òun. Ìwé mẹ́fà ni a kà o, bí a bá pe orúkọ òyìnbó kan tí kò bọ́ sí i, ẹ bá wa gbé e.

Pancreatitis ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Lẹ́yìn àpò oúnjẹ nínú ikùn wa, ohun kan dùbúlẹ̀ gbọọrọ síbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti eegun ẹ̀yìn. Pánkíríásì ni orúkọ rẹ̀. Kò gùn ju ọwọ́ ẹni lọ, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Iṣẹ́ rẹ̀ méjì ni. Òun ló ń ṣe omi tó ń lọ oúnjẹ nínú ìfun, tí ẹran àti epo tí a jẹ fi ń di ohun tí ara lè lò. Òun náà ló ń tú ínsúlínì sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń kó ṣúgà níjàánu.

Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n. Ẹran ògbólógbòó tó bá ń ṣe agídí lórí iná, bí a bá ju ìbẹ́pẹ sí i, kíá ló máa rọ̀. Bí omi pánkíríásì ṣe rí nìyẹn, àmọ́ agbára tirẹ̀ ju ti ìbẹ́pẹ lọ. Ọlọ́run dì í bí ẹrù, ó so ẹnu rẹ̀, kò gbọdọ̀ tú àfi bó bá dé inú ìfun. Bó bá tú kó tó débẹ̀, ara pánkíríásì fúnra rẹ̀ ni yóò máa jẹ. Ẹran ara ènìyàn á wá máa rọ̀ bí ẹran inú ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí ìrora rẹ̀ kì í fi í ṣe kékeré.

Kí ló ń jẹ́ kó tú? Nǹkan pọ̀ tó ń fà á, ṣùgbọ́n méjì ló wọ́pọ̀ jù. Èyí tó kan àwa obìnrin jù ni òkúta òróǹro. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróǹro, ó sì ní àpò tó ń kó o pamọ́ sí. Nínú àpò yẹn ni òróǹro ti lè gan pọ̀ títí á fi di òkúta wẹ́wẹ́. Ọ̀nà tí òróǹro ń gbà àti ọ̀nà tí omi pánkíríásì ń gbà, ẹnu kan náà ni wọ́n jọ ń bá yọ sínú ìfun. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ọjà wa ní ọjọ́ tí tírélà kan bá kọ́lẹ̀ síbẹ̀ ní ìdájí. Èyí tó kó tòmátì bọ̀ láti Kánò kò ní lè wọlé, èyí tó ti já ẹrù kò ní lè jáde, oòrùn á là, apẹ̀rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sun omi, ti òkè á ba ti ìsàlẹ̀ jẹ́. Òkúta tí kò tó hóró ẹ̀wà lè ṣe irú ẹ̀ nínú ikùn.

Obìnrin ni òkúta yìí ń mú ju ọkùnrin lọ, pàápàá ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, ẹni tó sanra, ẹni tó bímọ púpọ̀. Ẹ wo ara yín yíká, ẹ wo àwa náà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS náà wà níbẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ wọn tó máa ń tètè fọ́. Tiwọn kì í dúró dìgbà àgbà, ọmọdé SS lè ní òkúta òróǹro.

Ìkejì ni ọtí. Páraga àti ògógóró tí àwọn alábàárù wa ń mu ní kùtùkùtù kí wọ́n tó gbé apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́, tí àwọn awakọ̀ ń fi lé oorun, bó bá ti di ojoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ, ó lè dé ibẹ̀. Sìgá ń ràn án lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí méjì yìí, ọ̀rá tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ lè fà á, àwọn oògùn kan lè fà á, kí nǹkan gbá ènìyàn nínú ikùn lè fà á. Ìgbà mìíràn wà tí àwọn dókítà á wá a títí, tí wọn ò ní rí nǹkan kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọtí yìí ta sí etí àwọn kan nínú ọjà, wọ́n ní àṣé obìnrin yìí ń mu ún ní kọ̀rọ̀. Òkúta ni wọ́n bá nínú rẹ̀ o. Ẹni tí kì í mu ju miníráàlì lọ níbi ayẹyẹ, ẹ̀yin náà mọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Alẹ́ Sátidé kan ni, ó ti jẹun tán. Ikùn òkè ló kọ́kọ́ mú un, lábẹ́ àyà gan-an, ó wá gba ẹ̀yìn yọ bí ẹni fi irin gbígbóná gún un. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Bó bá jókòó tó tẹ̀ síwájú, tó gbá orúnkún mọ́ àyà, á rọ̀ ọ́ díẹ̀. Ó ń bì, nígbà tí kò sí ohun tó máa bì mọ́, kò yé bì. Ará ilé ní ọgbẹ́ inú ni, torí ó ti ní in rí. Wọ́n ra oògùn olómi funfun ní kẹ́míìsì, wọ́n fi Flagyl kún un. Ní ọjọ́ kejì, ẹnìkan gbé àgbo wá. Ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n kọ́kọ́ lọ gún un ní abẹ́rẹ́ ibà, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọjọ́ kẹta ni ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi ṣáì, tí ọmọ rẹ̀ fi gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Inú rírun pọ̀ ní irú, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ti pánkíríásì. Ṣùgbọ́n inú òkè tó dédé mú ènìyàn, tó gba ẹ̀yìn yọ, tó ń bì lé e, tí kò fi í sílẹ̀ láti wákàtí dé wákàtí, ẹ má dúró de kẹ́míìsì. Bí ojú bá tún pọ́n tàbí ara bá gbóná, kí ẹlòmíràn dá ìsọ̀ yín dúró, ẹ máa lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Ohun méjì tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni amylase àti lipase. Bí wọ́n bá fi ìlọ́po mẹ́ta ga ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìrora náà sì jẹ́ irú èyí tí a sọ, dókítà ti mọ ibi tó ń lọ. Amylase máa ń wálẹ̀ láàrin ọjọ́ bíi mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tó bá fi odindi ọ̀sẹ̀ kan mu àgbo nílé, ìgbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀jẹ̀ náà lè má jẹ́rìí mọ́. Skáànì tí wọ́n fi ń wo oyún, irú rẹ̀ náà ló ń fi òkúta òróǹro hàn, kì í ṣe ohun tó ṣòro rí.

A bi dókítà pé oògùn wo ló ń pa á. Ó ní kò sí. Omi dírípù ni, oògùn ìrora ni, àti kí wọ́n máa ṣọ́ ènìyàn lójú méjèèjì, kí pánkíríásì fi ara balẹ̀ wo ara rẹ̀ sàn. Oògùn tó ń pa kòkòrò kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, àfi bí ìdọ̀tí bá wọ ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń fi ebi pa aláìsàn náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n ní kí pánkíríásì lè sinmi. Àṣà yẹn ti yí padà báyìí. Bí ara bá ti lè gbà á, wọ́n fẹ́ kó tètè máa jẹun díẹ̀díẹ̀.

Ti òkúta ńkọ́? Àpò òróǹro yẹn gan-an ni wọ́n máa ń gé kúrò, ènìyàn sì lè lo ayé rẹ̀ láìní in. Bí àìsàn náà bá jẹ́ èyí tó fúyẹ́, wọ́n ní ó dára kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà kí aláìsàn tó kúrò ní ọ̀sìbítù, torí òkúta tó ṣẹ́kù sílé lè tún dí ẹnu ọ̀nà nígbàkígbà. Bó bá jẹ́ èyí tó le, wọ́n á ní kó lọ sílé kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, kó tó padà wá. Ti ọmọ ẹgbẹ́ wa le. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò lórí ibùsùn. Wọ́n ní kó padà wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì ń wá owó rẹ̀. Ó ta ẹ̀rọ amóhùntutù... ẹ forí jì wá, fíríìjì ni a fẹ́ sọ. Ó ta fíríìjì, ó ta aṣọ. Ó wá sí ọjà wá jókòó ti apẹ̀rẹ̀ méjì kí ó lè rí nǹkan kún owó náà. Àkókò yẹn ni ẹ rí i, tí ẹ ní ara rẹ̀ ti yá. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí inú náà tún gbé e ṣánlẹ̀. Owó tó ti kó jọ, ibùsùn kejì ló jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ibí ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Dókítà sọ fún wa pé nínú ènìyàn 10 tí àìsàn yìí bá ṣe, bíi 8 ni ara wọn máa ń balẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ sí i. Àwọn 2 yòókù ni tiwọn ń le, tó lè kan kíndìnrín, tó lè kan èémí, tó sì ń pa òmíràn nínú wọn. Lára àwọn tó bá tilẹ̀ yè é lẹ́ẹ̀kan, bíi ẹnì kan nínú 5 ni yóò tún padà ṣe. Ó tó ẹnì kan nínú 5 náà tí ìtọ̀ ṣúgà máa ń bá, tí kò ní in tẹ́lẹ̀, torí ibi tí ínsúlínì ti ń wá ti bàjẹ́. Àwọn mìíràn wà tí omi tó ń lọ oúnjẹ kò ní tó mọ́. Wọ́n á jẹun, oúnjẹ ò ní ran ara. Ìgbẹ́ wọn á máa yọ epo, á máa léfòó, wọ́n á máa rù. Oògùn hóró kan wà tí wọ́n ń gbé mì pẹ̀lú oúnjẹ láti fi rọ́pò omi náà, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe owó alátà.

A bi í pé, “Dókítà, ìgbà wo lẹ rò pé obìnrin yìí máa padà sí bó ṣe wà?” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Mama, mi ò lè dá ọjọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn wá jù. Àwa ọlọ́jà, ọjọ́ la fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Àjọ ní ọjọ́ tí wọ́n ń kó o. Tòmátì ní iye ọjọ́ tó lè lò nínú apẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó bímọ bá kúrò lọ́jà, a mọ ọjọ́ tí yóò padà. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, a mọ̀. Èyí kò ní ọjọ́. Ó lè jí lọ́jọ́ Mọ́ńdè kó gbálẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ kó sì pa oníbàárà lẹ́rìn-ín, kí Túsìdeè tó dé kó má lè dìde nílẹ̀. Ẹni tó rí i ní Mọ́ńdè ló ń sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ó sọ fún wa pé ẹ̀rù oúnjẹ ń ba òun. Alátà! Ẹni tó ń ta nǹkan ọbẹ̀ fún gbogbo Kétu, ẹ̀rù ń bà á láti ki òkèlè bọ ẹnu, torí kò mọ èyí tó máa jí ìrora náà.

Ẹ má sì rò pé àìsàn òyìnbó ni, tàbí ti olówó. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Ní ọdún 1969, àwọn dókítà méjì ní Ìbàdàn, E. O. Olurin àti O. Olurin, kọ ìròyìn sínú ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní British Medical Journal, nípa ènìyàn 45 tí òkúta ti gan sínú pánkíríásì wọn. Irú ti àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe èyí tó ń dé lójijì, èyí tó ń jẹ ènìyàn díẹ̀díẹ̀ fún ọdún pípẹ́ ni, ìtọ̀ ṣúgà sì máa ń bá a rìn. Wọ́n rí irú rẹ̀ ní Íńdíà àti ní Ùgáńdà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin onígààrí, ọ̀rọ̀ yín rèé, a mọ̀ pé ẹ ti ń retí rẹ̀. Ní ọdún 1979, àwọn olùwádìí kan ní ó dà bíi pé oró inú ẹ̀gẹ́ ló ń ba pánkíríásì àwọn tálákà jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti rìn dé ọjà wa, oníbàárà kan ti sọ ọ́ sí ojú ọ̀kan nínú yín. Àmọ́ ní 1987, wọ́n wádìí ní abúlé ní Tógò, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, wọn ò rí ìtọ̀ ṣúgà láàrin wọn. Ní Íńdíà náà, wọ́n fi àwọn tó ń ṣe àìsàn náà wé àwọn tí kò ṣe, wọn ò rí i pé ẹ̀gẹ́ ló fà á. Ẹ máa ta gààrí yín. Kí ẹ ṣáà rí i pé wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n fún un, wọ́n sì yan án dáadáa kó tó dé àpò.

Ti ọwọ́ ayé, a kò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Wọ́n rí òkúta nínú skáànì. Ẹni tó bá ní òun mọ ẹni tó gbé òkúta síbẹ̀, kó wá dárúkọ rẹ̀ níwájú Ìyálọ́jà.

Ó ku ìsọ̀. Òfin wa ní ìsọ̀ tí olúwarẹ̀ kò bá jókòó sí fún oṣù mẹ́ta, ẹgbẹ́ lè fi fún ẹlòmíràn. Òfin yẹn dára, torí àwọn tó ń ti ìsọ̀ pa tí wọ́n ń fi háyà fún ẹlòmíràn la ṣe é fún. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń tọrọ ìsọ̀ yìí náà kò ṣẹ̀, ọmọ mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀, etí ọ̀nà ló ti ń tajà, àwọn agbófinró sì ti da ọjà rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mejì. Àwa kò lè ní kó máa jókòó sínú oòrùn kí ìsọ̀ wà lófìfo. Ohun tí àwa rò ni pé kí òun àti àbúrò aláìsàn jọ máa lo ìsọ̀ náà. Kí ọ̀dọ́bìnrin yìí máa ta tirẹ̀ níwájú, kó sì máa yọ owó díẹ̀ sílẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún oní-nǹkan. Lọ́jọ́ tí ara oní-nǹkan bá le, kó wá jókòó sí ààyè rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bi í léèrè ibi tó wà lánàá. Kí orúkọ rẹ̀ má kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́. A ti bá àwọn méjèèjì sọ ọ́. Ọ̀dọ́bìnrin gbà. Oní-nǹkan sunkún, ó wá gbà.

Ìyá kan ní ìsàlẹ̀ yẹn ń béèrè pé títí di ìgbà wo. Ìyá wa, dókítà ò mọ̀ ọ́n, akọ̀wé ò lè mọ̀ ọ́n. Kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Àjọ rẹ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà kejìlá ló wà, ẹni tó wà ní nọ́ńbà kẹrin ti ní òun yóò gba ààyè rẹ̀, kí tirẹ̀ lè bọ́ sí oṣù tó ń bọ̀. Owó iṣẹ́ abẹ ni yóò fi ṣe. Kí Ọlọ́run san án fún un. Owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́, yóò san án, ṣùgbọ́n kí a dá owó ìtanràn tó ń gorí rẹ̀ dúró láti oṣù tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Owó ìrànlọ́wọ́ wa, láti ọjọ́ tí a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìgbà tí ènìyàn bá kú nìkan la máa ń yọ ọ́: àsọ ẹbí, kúlà, ìrẹsì. Ó ń bí wa nínú díẹ̀, ẹ má bínú. Ẹni tó wà láàyè tó ń wá owó skáànì, a ò ní owó fún un, bó bá ti gbẹ́mìí mì, a ra màlúù. Kí a yọ nínú owó yẹn báyìí.

Ẹni tó bá ń lọ kí i, ẹ má gbé ẹran díndín lọ, ẹ má gbé ọtí agbo tí wọ́n ní ó ń fọ inú lọ. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ló ń jẹ, epo rẹ̀ kì í pọ̀: ògì, ẹ̀wà tó rọ̀, ẹja tí wọ́n bọ̀. Ẹ má bi í pé ṣé kò tíì yá ni. Ẹ bá a fọ aṣọ, ẹ bá a pọn omi, ẹ sọ òfófó ọjà fún un kó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan tó kù: ìlànà ìlera ìjọba Èkó, tí wọ́n ń pè ní Ilera Eko. Òfin rẹ̀ ti wà láti 2015, ti ìjọba àpapọ̀ tó sọ irú rẹ̀ di dandan sì jáde ní 2022. Àwa tí a ti forúkọ sílẹ̀ nínú ọjà yìí kò pọ̀ rárá. Kí a tó sanwó, kí a béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò sí níbẹ̀, pàápàá iṣẹ́ abẹ àti skáànì. Àwọn ọmọ yín tó kàwé lè bá yín kà á. Ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí ọjà bá ti fúyẹ́, àwa àti akápò ń lọ béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé wa, kó mú fótò pélébé méjì dání.

Ó tó. Ẹni tó bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìsọ̀ yẹn, kó na ọwọ́ sókè. Akápò, ẹ bá wa kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ò nà, ẹ dìde ẹ sọ tiyín kí a gbọ́.